Kókó Tí Wọ́n Ní Ó Ti Pẹ́

"N kò ní gé e," ni ẹ̀rọ wí. "Kókó àtijọ́ ni. Gbé apá rẹ kúrò."

Mọrẹ́nikẹ́ kò gbé apá kúrò. Ó fi apá òsì rẹ̀ sílẹ̀ lórí àwo tútù náà bí ẹja tí wọ́n fẹ́ họ ìpẹ́ rẹ̀, ó sì gbójú sókè wo dókítà. Dókítà Ọlátóóyè ń wo ẹ̀rọ náà bí ẹni tí ajá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbó mọ́ àna rẹ̀.

"Ẹ má bínú, màmá. Bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn."

"Ta ló ń bínú sí Àbíìkọ́? Ẹni tí wọ́n bí tí wọn ò kọ́, àwọn tó bí i là ń bá wí."

Dókítà rẹ́rìn-ín. Orúkọ tí ìjọba kọ sí àyà ẹ̀rọ náà ni Ayẹ̀wò, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń pè é bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Òkè Àsálà. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e dé, ó mọ ọ̀wọ̀ dáadáa; á ní "ẹ jókòó", á ní "ẹ kú ìrọ́jú". Àfi ìgbà tí ọmọ bíríkìlà àgbà kan lọ sọ fún un nípa bàbá rẹ̀ pé, "Wọn ò rí oorun sùn, inú ń run wọ́n." Ẹ̀rọ gbọ́ "wọ́n", ó ka èrò, ó sì bu oògùn tó tó gbogbo agbo ilé. Bàbá tó gba ìjọba gbọ́ gbé e mì tán pátápátá, Ọlọ́run ló yọ ọ́. Láti ọjọ́ náà ni àwọn tó ṣe ẹ̀rọ ti yọ ọ̀wọ̀ kúrò nínú rẹ̀. Gbogbo "wọ́n" tó bá gba etí rẹ̀ wọlé, "ó" ni yóò bá jáde; gbogbo "ẹ" á di "o". Bí ọba bá wọlé, á ní, "Jókòó."

"Ẹ jẹ́ kí n fi ọwọ́ ara mi wò ó," ni dókítà wí.

Ó fa àga súnmọ́ ọn. Kókó náà wà lókè ìgbọ̀nwọ́, ó tóbi tó ẹkùrọ́, ó pọ́n, ó sì dúdú díẹ̀ bí èso ọ̀pẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbó. Ó ń dán. Apá yẹn ni Mọrẹ́nikẹ́ máa ń nà sára àwọn dígí tó ń sọ oòrùn di iná láti fi de okùn iná, nígbà tí òkun ṣẹ̀ṣẹ̀ lé wọn gun òkè, tí kò tíì sí ìbòji kankan lórí títì. Ọ̀pọ̀ ọdún ni oòrùn fi lu apá náà. Ó mọ dígí wọ̀nyẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, títí di òní, bó bá ń kọjá lọ, á wo òkè, á ní, "Ọwọ́ mi ló ń bẹ lára yín."

Dókítà fi ìka tẹ kókó náà. Ó le, kò yẹ̀. "Ṣé ó ń dùn yín?"

"Rárá. Ìdí tí n kò fi kà á sí nìyẹn."

Ìdáhùn yẹn kò tẹ́ dókítà lọ́rùn. "Kì í yún yín?"

"Kì í yún mi."

"Nígbà wo lẹ kọ́kọ́ rí i?"

"Lẹ́yìn ọyẹ́. Bí ọyẹ́ bá ń fẹ́, òróró là fi ń pa apá yìí, n bá ti fọwọ́ kàn án. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ máa fi rọ̀, ó ti tó ẹyọ àgbàdo. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó báyìí."

Dókítà yí padà sí ojú dígí níbi tí ẹ̀rọ ń kọ ohun tó gbọ́ sí. Ó kà á. Ó tún un kà.

"Ohun tí wọ́n sọ fún ẹ̀rọ kọ́ nìyẹn, màmá. Ohun tó wà níbí ni, 'Ó ti pẹ́ níbẹ̀.' Ìdí tó fi gbà pé àrùn ẹ̀jẹ̀ yín ti tẹ́lẹ̀ ló bí kókó yìí nìyẹn, tí abẹ rẹ̀ kò fi jáde."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

Ìbéèrè òmùgọ̀ ni, òun náà sì mọ̀ bó ṣe ń ti ẹnu rẹ̀ jáde. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ nítorí rẹ̀. Lórí Òkè Àsálà, aláìsàn kì í sọ̀rọ̀ fún Àbíìkọ́, Àbíìkọ́ kì í sì í dá aláìsàn lóhùn ju kí ó ní kó jókòó, kó na apá tàbí kó gbé e kúrò. Àwọn àgbà tó kó ìlú gun òkè ló ṣe òfin náà. Wọ́n ní láyé àtijọ́, a kì í já ọ̀rọ̀ burúkú lu ènìyàn lójú. Ẹnì kan ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ ọ, tí yóò mọ bí òun ṣe máa gbé e kalẹ̀. Kí aláìsàn má baà gbọ́ "jẹjẹrẹ" lẹ́nu ohun tí kò mọ̀wọ̀ ènìyàn, kí ó mú ẹnì kan nínú ara ilé rẹ̀, kí onítọ̀hún jẹ́ ẹnu rẹ̀. Àwọn méjèèjì á so ìlẹ̀kẹ̀ ẹnu kan náà. Ohun tí ẹ̀rọ bá sọ, agbẹnusọ ni yóò sẹ́ ẹ bí ẹní ń sẹ́ ògì, kó tó gbé e wálé.

Fadérera, ọmọ Mọrẹ́nikẹ́, ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé nígbà tí àrùn ẹ̀jẹ̀ mú ìyá rẹ̀. Kò jẹ́ kí wọ́n wá ẹlòmíràn. "Èmi ni màá jẹ́ ẹnu yín, màmá," ó sì so ìlẹ̀kẹ̀ náà mọ́rùn níbẹ̀. Láti ìgbà náà, bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, Mọrẹ́nikẹ́ á béèrè pé, "Kí ni wọ́n wí?" Fadérera á dáhùn pé, "Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ yín ti ń gbọ́ràn." Títí ọmọ náà fi di àgbàlagbà, ìdáhùn náà kò yí padà, Mọrẹ́nikẹ́ sì ń mu ún bí ògì gbígbóná.

"Mo ní kó sọ fún un pé lẹ́yìn ọyẹ́ ni," ni Mọrẹ́nikẹ́ wí. "Mo rán an."

Dókítà na ọwọ́ sókè bí ẹni tó rí ọ̀nà. "Màmá! Mo ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Àbíìkọ́ ló ṣe é. Bóyá ọmọ yín sọ pé, 'Wọ́n ti pẹ́ níbẹ̀,' pé ẹ̀yin, ẹ ti pẹ́ ní ìtọ́jú lọ́dọ̀ wa. Ẹ̀rọ sì sọ 'wọ́n' di 'ó', ó rò pé kókó ló ń bá wí."

Ọkàn Mọrẹ́nikẹ́ balẹ̀ wọ̀ọ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi yọ lójú rẹ̀. "Ẹ wo ohun tí ọ̀wọ̀ fẹ́ dá sí mi lára! Ọmọ mi bọ̀wọ̀ fún mi, ọ̀wọ̀ fẹ́ pa mí."

"Ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Kó kàn wá tún un sọ ni."

"Ó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ níta yẹn. Ó ń di ẹrù nínú orí rẹ̀. Ẹ ò gbọ́ pé ó ń lọ sí Odi Òkun?"

"Mo gbọ́, ẹ kú oríire. Àwọn tó ń wọn omi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Omi tó ń ti ògiri ńlá yẹn, òun ni yóò máa sọ bó ṣe wúwo tó. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ọkọ̀ wọn ń sọ̀ kalẹ̀. Àbúrò bàbá rẹ̀ ló máa gba ìlẹ̀kẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀."

Ẹ̀rín kúrò lójú dókítà díẹ̀díẹ̀. Mọrẹ́nikẹ́ rí i. Ẹni tó ti fi ìgbésí ayé rẹ̀ wá ibi tí dígí ti sán, kì í pẹ́ kó tó rí i.

"Kí ló dé, dókítà?"

"Kò sí nǹkan. Òfin ni mo rántí. Agbẹnusọ lè gbé àrùn tó ti pẹ́ tó sì dákẹ́ fún ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n bí àrùn tuntun bá jáde, kò gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè títí ìtọ́jú yóò fi parí." Ó yára fi kún un pé, "Àmọ́ àṣìṣe ẹ̀rọ lásán ni, màmá."

Ẹ̀rọ ń mí fìn-ín-fìn-ín.

"Ṣé ohùn ọmọ mi wà nínú ẹ̀rọ?" ni Mọrẹ́nikẹ́ béèrè. "Ohùn gan-an, kì í ṣe èyí tó kọ."

"Ó wà. Ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti gbọ́ ọ. Àmọ́ bí ẹ bá ń gbọ́ ọ, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀ á gbóná. Á mọ̀."

Ó ronú sí i. Ó lè ní kí dókítà fi í sílẹ̀. Àlàyé dókítà dára, ó bá ojú ayé mu, ó dà bí ìtàn tí ènìyàn á máa sọ fún ará ilé tí gbogbo wọn á máa rẹ́rìn-ín sí. Ṣùgbọ́n kò tíì tẹ́ dígí kankan sórí ilé rí láìfi ìka gbá a kó gbọ́ bó ṣe dún.

"Ẹ jẹ́ kí n gbọ́."

Ohùn Fadérera jáde láti inú ẹ̀rọ, ó mọ́ gaara, bí ẹni pé ó dúró lẹ́yìn àga.

"Wọ́n ní kókó kan lápá òsì. Wọn ò sọ pé ó ń dun àwọn. Ó ti pẹ́ níbẹ̀."

Ìyẹn nìkan ti tó. Wọ́n. Wọn. Ó. Ọmọ tí kò pe ìyá rẹ̀ ní "ó" rí láyé, kódà lójú àlá, kódà lọ́jọ́ tí wọ́n jà tí ó fi oúnjẹ sílẹ̀. Ó ti ya ìyá rẹ̀ sọ́tọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó sì ya kókó sọ́tọ̀ láìsí ọ̀wọ̀, nínú ọ̀rọ̀ kan náà.

"Bóyá ahọ́n rẹ̀ ṣì í," ni dókítà sọ, ṣùgbọ́n òun náà kò gbé ojú sókè.

"Ahọ́n ọmọ tí mo kọ́ kì í ṣì níbẹ̀."

Ohùn ẹ̀rọ tẹ̀ lé e. "Ṣé ó dá ọ lójú? Bí ó bá jẹ́ tuntun, mo gbọ́dọ̀ gé e wò." Wọ́n gbọ́ bí ẹnì kan ṣe ń mí nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Fadérera wí pẹ̀lẹ́ pé, "Ó dá mi lójú."

Ilẹ̀kùn ti ṣí. Fadérera dúró lẹ́nu rẹ̀, ó di ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀ mú bí ẹni tí nǹkan jó. Dókítà dìde láti jáde.

"Ẹ jókòó, dókítà," ni Mọrẹ́nikẹ́ wí. "Fadérera, wọlé. Ti ilẹ̀kùn."

Ọmọbìnrin náà wọlé, ó sì kúnlẹ̀. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Mo rò pé eéwo lásán ni."

"Eéwo tó ti pẹ́."

Fadérera gbé ojú kúrò lára apá náà.

"Lálaalẹ́ ni ò ń fi òróró pa apá yìí fún mi. Mo kíyè sí i pé ìka rẹ máa ń yí i ká. Mo ní o ń ṣọ́ra kó má baà dùn mí. Mo tiẹ̀ ń gbàdúrà fún ìka náà."

"Wọn ò ní jẹ́ kí n lọ!" Ọ̀rọ̀ náà bú jáde lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ mọ òfin. Bí mo bá ti sọ pé tuntun ni, wọ́n á so mí mọ́ orí òkè yìí. Láti ìgbà tí mo ti jáde ilé ìwé ni mo ti ń gbọ́ ohun tí ẹ̀rọ yìí ń sọ, màmá. Ẹ ò gbọ́ ọ rí. Ẹ̀jẹ̀ yín kò gbọ́ràn rí! Ọdún tó kọjá, wọ́n ní ẹ ò ní rí ọdún tuntun. Èmi nìkan ni mo gbé e sùn, mo wá jí, mo ro ògì fún yín."

Mọrẹ́nikẹ́ pa ojú dé díẹ̀. Kò mọ èyí. Ó wọ inú rẹ̀ lọ, ó wá ibi kan jókòó sí níbẹ̀.

"Ìyẹn, mo dúpẹ́," ni ó wí nígbà tó yá. "Lóòótọ́ ni mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n o lè wá bá mi. O lè sọ pé, 'Màmá, ó ti sú mi, mo fẹ́ lọ.'"

"Ẹ̀yin? Ẹ máa ní kí n lọ ni! Ẹ máa já ìlẹ̀kẹ̀ yìí fúnra yín, ẹ máa lé mi sínú ọkọ̀. Báwo ni mo ṣe fẹ́ jókòó nínú ọkọ̀ yẹn, tí mo mọ̀ pé ẹ mọ̀?"

"Nítorí náà, ó sàn kí n má mọ̀."

Ẹkún ni Fadérera fi dáhùn.

Dókítà tún ohùn ṣe. Ó ń wo ilẹ̀ bó ṣe ń sọ̀rọ̀. "Màmá, ọ̀nà wà. Kó tún un sọ fún ẹ̀rọ báyìí, pé tuntun ni. Èmi á ní àṣìṣe 'wọ́n' àti 'ó' ni. Kò sẹ́ni tó máa béèrè. Yóò ṣì jẹ́ ẹnu yín. Ṣùgbọ́n kò ní lè lọ sí Odi."

"Mo gbà," ni Fadérera wí kíákíá. "Mo gbà, màmá, màá dúró. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ."

"Ọ̀nà kejì ńkọ́?" ni Mọrẹ́nikẹ́ béèrè.

"Kí ẹ gba ẹnu yín padà lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kò sí ohun tó so ó mọ́bí mọ́. Ó lè lọ. Àmọ́ ẹni tí wọ́n bá gba ẹnu lọ́wọ́ rẹ̀, kò tún lè gbẹnu sọ fún ẹnikẹ́ni mọ́ láyé, ì báà jẹ́ ọkọ rẹ̀, ì báà jẹ́ ọmọ tó bá bí. Ẹ̀yin náà, etí ara yín lẹ máa fi gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò ní sí asẹ́."

Mọrẹ́nikẹ́ wo ọmọ rẹ̀. Ó rí ìlà kékeré tó wà lẹ́bàá ojú rẹ̀, tí kò sí níbẹ̀ nígbà tó so ìlẹ̀kẹ̀ náà mọ́rùn. Ìfẹ́ rẹ̀ kò tíì lọ síbì kankan. Ohun tó ń dùn ún gan-an nìyẹn. Bí ó bá gba ọ̀nà àkọ́kọ́, wọn á padà sílé pọ̀. Ilẹ̀ á ṣú. Á béèrè pé, "Kí ni wọ́n wí?" Ọmọ náà á dáhùn. Òun á sì gbé ìdáhùn náà sókè sí ìmọ́lẹ̀ bí owó tí kò dáni lójú, lálaalẹ́, títí ikú yóò fi dé. Ọmọ tó ń sẹ́ ọ̀rọ̀ fún un ti sẹ́ ẹ. Ta ló máa mọ èyí tó jẹ́ ògì nínú ohun tó bá gbé wá mọ́, ta ló máa mọ èyí tó jẹ́ èèrí?

Ó fi ọwọ́ ọ̀tún kọ́ ìlẹ̀kẹ̀ tó wà lọ́rùn rẹ̀, ó sì fà á já.

"Màmá!"

Ìlẹ̀kẹ̀ kan fò sábẹ́ àga. Ti ọrùn Fadérera ṣókùnkùn wúyẹ́, bí àtùpà tí wọ́n fẹ́ pa.

Ẹ̀rọ yí ojú rẹ̀ sí Mọrẹ́nikẹ́. "Kò sí ẹnu. Ta ni yóò máa sọ̀rọ̀ fún ọ?"

"Èmi."

"Ṣé ìwọ ni aláìsàn?"

"Èmi ni aláìsàn. Kókó tuntun ni. Lẹ́yìn ọyẹ́ ló yọ. Gé e."

Ó jọ ọ́ lójú pé "ìwọ" tí Àbíìkọ́ pè é kò dùn ún rárá. Ènìyàn kan ni ó ń bá sọ̀rọ̀, ó sì mọ ẹni náà. Ìka ẹ̀rọ sọ̀ kalẹ̀, ó tu omi tútù sí apá rẹ̀ tí apá fi kú, ó sì gé ẹran tí kò ju ẹyọ ìrẹsì lọ. Fadérera ti jáde. Mọrẹ́nikẹ́ ní kí dókítà ṣí ìbòrí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ kó lè rí bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ó rí i bí ọ̀bẹ ṣe ń gé ẹyọ ìrẹsì náà ní pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ tó fẹ́lẹ́ ju awọ àlùbọ́sà lọ, bí ó ṣe ń rẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú aró tirẹ̀.

"Kí ni aró wà fún?"

"Ohun kọ̀ọ̀kan nínú ara ló ní aró tó ń mu," ni dókítà wí. "Èyí jẹ́ ti àrùn ẹ̀jẹ̀. Bó bá mu ún, ọmọ àrùn àkọ́kọ́ ni lóòótọ́."

Àwòrán yọ lójú dígí. Kò mu ún. Ó funfun bí aṣọ tí wọ́n gbàgbé láti rẹ. Èkejì yọ. Dókítà súnmọ́ ọn. Àwọn nǹkan róbótó kéékèèké kún ibẹ̀, wọ́n fún mọ́ra bí ọkà bàbà, ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní àmì kan, tíntín, bí ẹni fi orí abẹ́rẹ́ tọ́ ọ.

Dókítà ṣí ẹnu, ó wo ilẹ̀kùn bí ẹni tó ń wá ẹni tí yóò bá sọ̀rọ̀, kó tó rántí pé kò sí ẹni náà mọ́.

"Ẹ wí i, dókítà."

"Jẹjẹrẹ ni, màmá. Kì í ṣe ti ẹ̀jẹ̀ yín. Òmíràn ni, ti awọ ara. Mákẹ́ẹ̀lì là ń pè é. Kò wọ́pọ̀ rárá. Oòrùn wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Àrùn ẹ̀jẹ̀ náà wà níbẹ̀, nítorí ó ti jẹ́ kí àwọn ọdẹ tó ń ṣọ́ ara yín máa sùn lẹ́nu iṣẹ́."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ẹnikẹ́ni ní ilé ìwòsàn yóò pe ọ̀rọ̀ náà létí rẹ̀. Ó dúró de ohun tí wọ́n ní yóò ṣe é. Ilẹ̀ kò yẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Méjì, kì í ṣe ọ̀kan," ni ó wí, bí ẹní ń wo dígí tó sán níbi méjì. "Ṣé ó ń sáré?"

"Ó ń sáré. Ká ní ó di lẹ́yìn òjò..." Kò parí rẹ̀. "Ó jọ pé kò tíì dé abíyá. A máa gé e fẹ̀, a máa fi ìtànṣán sun ibẹ̀. Lẹ́yìn náà, a máa jí àwọn ọdẹ yẹn dìde. Ìyẹn ló le, torí oògùn ẹ̀jẹ̀ yín fẹ́ kí wọ́n sùn. A óò máa fi ọ̀kan wọn èkejì. N kò lè ṣèlérí."

"Ẹ ṣeun. Ẹ ò sẹ́ nǹkan kan níbẹ̀."

Nígbà tó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ ń gba ìbòji òkè wọlé ní pupa. Fadérera ṣì wà níbẹ̀, ó jókòó lórí àga pákó, ìlẹ̀kẹ̀ tó ti kú wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dìde.

"Màmá. Kí ni wọ́n wí?"

Mọrẹ́nikẹ́ rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i, ẹ̀rín tí ènìyàn fi ń kí ẹni tí wọ́n jọ pàdé lójú ọ̀nà.

"Ẹ ṣeun, ẹ kú ìdúró," ni ó dáhùn. "Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ mi ti ń gbọ́ràn. Ẹ máa múra ìrìn àjò yín, kí ọkọ̀ má baà fi yín sílẹ̀."

Ó sì kọjá lọ, ó di apá òsì rẹ̀ mú.

Fadérera bojú wẹ̀yìn kíákíá, bóyá àgbàlagbà kan dúró síbẹ̀ tí ìyá òun ń fi "ẹ" bá sọ̀rọ̀. Kò sí ẹnì kankan.